Ògiri tó sọ osùn rẹ̀ nù: bí mo ṣe tú yàrá Van Gogh palẹ̀ tí mo tún un kùn

Mi ò tiẹ̀ ní in lọ́kàn pé iṣẹ́ yìí á gùn tó báyìí. Mo kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kun inú ilé ni, yàrá, bẹ́ẹ̀dì, àga, fèrèsé, àwọn nǹkan téèyàn ń rí lójoojúmọ́ tí kì í wò, mo wá ní kí n mú àwòrán kan tí gbogbo ayé mọ̀, kí n tú u palẹ̀ bí ìgbà tí mẹkáníìkì bá tú ẹ́ńjìnnì, kí n wo ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan so mọ́, kí n wá tò ó padà. Èyí tí mo mú ni yàrá tí ayàwòrán Vincent van Gogh ń sùn nílùú Arles, nílẹ̀ Faransé, tó kùn lóṣù kẹwàá ọdún 1888. Mo rò pé ọjọ́ mẹ́ta ni máa fi ṣe é. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà mí, pátákó mẹ́ta ló bá a lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ti wà nínú pàǹtírí báyìí.

Lẹ́tà ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ká ní ọkùnrin yẹn ò kọ lẹ́tà ni, ǹ bá wo àwòrán náà, kí n ní ògiri búlúù, bẹ́ẹ̀dì yẹ́lò, aṣọ ìbora pupa, ó parí. Àmọ́ ó kọ̀wé sí Theo, àbúrò rẹ̀, ní ọjọ́ 16 oṣù yẹn, ó sì ka àwọ̀ yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹrù tó fẹ́ dì sínú ọkọ̀. Ògiri, pọ́púlù tí ò ki, ìyẹn elésè àlùkò tó ṣì fẹ́ẹ́rẹ́. Ilẹ̀, táìlì pupa. Igi bẹ́ẹ̀dì àti igi àga, yẹ́lò bíi bọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí, àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ gan-an bíi ti lẹ́mọ́ọ̀nù. Aṣọ ìbora, pupa fòò. Fèrèsé, àwọ̀ ewé. Tábìlì, àwọ̀ ọsàn, bàsíà orí rẹ̀, búlúù. Àwọn ilẹ̀kùn, pọ́púlù tún ni, èyí tó rọ̀ díẹ̀. Ó wá ní ẹni tó bá wo àwòrán náà, ó yẹ kí orí rẹ̀ sinmi, pàápàá jù lọ ibi tí èèyàn fi ń ronú kiri lórí.

Mo ṣí fọ́tò lórí láàpútọ́ọ̀pù mi. Ògiri, búlúù. Ilẹ̀kùn, búlúù. Ilẹ̀, kò pupa, ó dà bí igi tí wọ́n ti rìn lé lórí títí tó fi ṣú, àwọ̀ ewé sì wà nínú rẹ̀. Ìsinmi wo? Yàrá yẹn ń pariwo. Mo ní àbí lẹ́tà yìí kì í ṣe ti àwòrán yìí ni.

Bí mo ṣe kó sínú ẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: mo fi gírídì sórí àwòrán tí kì í ṣe òun

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe yìí kó lè kúrò lọ́nà. Yàrá kan náà ni, àmọ́ àwòrán mẹ́ta ló wà. Ti àkọ́kọ́, èyí tí lẹ́tà yẹn ń sọ, wà ní Amsterdam, ní Van Gogh Museum, 72.4 sẹ̀ǹtímítà lóròó, 91.3 níbùú. Omi àti ọ̀rinrin bá a jà nínú ilé nígbà tí ẹni tó kùn ún wà nílé ìwòsàn, Theo wá gbà á nímọ̀ràn pé kó kun òmíràn kí wọ́n tó tún ti àkọ́kọ́ ṣe, òun náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1889 nígbà tó wà ní Saint-Rémy. Ìyẹn ló wà ní Chicago lónìí. Ó tún wá kun ẹ̀kẹta, èyí tó kéré, fún ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, òun ló wà ní Musée d'Orsay ní Paris.

Èmi ò mọ̀. Mo wa fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo mú èyí tó mọ́ jù, mo fa gírídì lé e, ìyẹn àwọn ìlà tó dábùú ara wọn di àpótí kéékèèké, mo fi pẹ́ńsùlù ya á sórí pátákó fún odidi ọjọ́ méjì, ọjọ́ kẹta ni mo tó ṣàkíyèsí pé àwọn ojú èèyàn tó wà nínú férémù lókè bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe àwọn tí mo ń kà nípa wọn. Nínú ti Amsterdam, Eugène Boch tó jẹ́ ayàwòrán ọmọ Belgium ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú sójà kan tó ń jẹ́ Milliet. Èmi ti ya ẹlòmíì. Ti Chicago ni mo ti ń yà látọjọ́ yìí. Mo fi ìrésà nu gbogbo rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, àwọn férémù orí ògiri ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó fa ìlà kankan, wọn ò lè tàn yín.

Pátákó tí mo lò jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà sí 38. Ẹ pín in, ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ ti gidi gan-an, kì í ṣe ohun tí ojú lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Mo bọ́ àwọ̀ kúrò

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, gbogbo ẹni tó ń kun nǹkan ló ń ṣe é, bí ò bá sí kọ̀ǹpútà, ẹ di ojú díẹ̀ kẹ́ ẹ fi wò ó láàárín ìpéǹpéjú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìdí ni pé àwọ̀ máa ń purọ́ fún ojú. Pupa máa ń jẹ́ ká rò pé òun ló mọ́lẹ̀ jù níbi tó bá wà, bẹ́ẹ̀ ariwo lásán ló ń pa.

Nígbà tí àwọ̀ kúrò, aṣọ ìbora pupa yẹn ṣubú pátápátá. Ó di àwọ̀ eérú tó ṣú, kò tiẹ̀ ní agbára kankan mọ́. Ìrọ̀rí méjèèjì ló wá yọ, àti igi bẹ́ẹ̀dì, àti dígí. Ògiri àti ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà, ilẹ̀ náà ò jìnnà sí wọn. Ohun tí èyí ń sọ fún mi ni pé nínú yàrá yìí, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn kọ́ ló gbé àwòrán náà ró. Tẹ́ ẹ bá wo ọ̀pọ̀ àwòrán inú ilé tí àwọn ará Netherlands kùn ní nǹkan bí ọdún 1650 sí 1670, ẹ ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ á gba ojú fèrèsé òsì wọlé, á ba ògiri, á wá máa ṣú díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀tún, tẹ́ ẹ bá bọ́ àwọ̀ ìyẹn kúrò, yàrá náà á ṣì dúró. Ti Van Gogh yìí, tẹ́ ẹ bá bọ́ àwọ̀ kúrò, ó ku ìdajì. Àwọ̀ ni òpó ilé náà. Tí àwọ̀ kan bá wá yẹ̀ nínú ẹ̀, gbogbo ilé ló yẹ̀.

Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa rí.

Ẹ tún wo ilẹ̀ lábẹ́ àga. Kò sí òjìji. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sí. Lẹ́yìn tábìlì, kò sí. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ wọ́n ni, ó fẹ́ kó rí pẹrẹsẹ bíi àwọn àwòrán tí àwọn ará Japan ń fi igi tẹ̀ sórí pépà, tó fẹ́ràn gan-an.

Ìlà

Èyí gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. Mo tẹ fọ́tò náà sórí pépà, mo mú rúlà àti pẹ́ńsùlù, mo wá ń fa ìlà ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sẹ́yìn, ìlà ilẹ̀ lọ sẹ́yìn, ìlà ìjókòó àga lọ sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé èèyàn tẹ̀ lé òfin perspective, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan kó lè hàn pé ó jìnnà tàbí ó sún mọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ níléèwé, ó yẹ kí àwọn ìlà tó lọ sí apá kan náà pàdé níbì kan. Ti bẹ́ẹ̀dì lọ sí ibì kan. Ti àga lọ síbòmíì. Ti ilẹ̀ ní tiẹ̀ ń gòkè bí òkè, bí ẹni pé tẹ́ ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù sẹ́yìn yàrá yẹn, á yí wá bá yín lẹ́sẹ̀.

Àwọn kan á ní kò mọ̀ ọ́n yà ni. Irọ́. Apá kan nínú wíwọ́ yẹn, bí ilé náà ṣe rí gan-an ni, nítorí ògiri ẹ̀yìn yàrá náà ò bá ti ẹ̀gbẹ́ ṣe igun tó tọ́, ó dá gẹ̀rẹ́ ni. Ìyókù, òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èmi gbìyànjú láti tún un ṣe, mo ya yàrá kan náà sórí pépà tí gbogbo ìlà rẹ̀ tọ́, kí n lè mọ ohun tí wíwọ́ yẹn ń ṣe. Ó bọ́ sójú kan báyìí, ó dà bí fọ́tò tí òtẹ́ẹ̀lì fi ń polówó yàrá. Bẹ́ẹ̀dì náà jìnnà, kò kàn yín mọ́. Nínú ti Van Gogh, igi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn wà níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn yín lórúnkún, ẹ ò sì lè wọ yàrá náà láìgba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bó ṣe wá gbé e dọ́gba ni mo gbádùn jù. Bẹ́ẹ̀dì wúwo, gbogbo rẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún. Lápá òsì, kò sí nǹkan ńlá kan tó lè bá a dọ́gba, nǹkan kéékèèké ló kó síbẹ̀: ilẹ̀kùn kan, táwẹ̀lì tó fi kọ́, àga kan, tábìlì, bàsíà, ìgò, dígí. Ẹrù kéékèèké mẹ́fà méje ló ń bá ẹrù ńlá kan dọ́gba. Àárín wọn ni ilẹ̀ òfìfo wà, ọ̀nà ni, ojú á gba ibẹ̀ wọlé lọ bá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀yìn. Mo bò ó wò: mo gé pépà kékeré, mo fi bo àga òsì yẹn. Kíá ni gbogbo àwòrán náà dà sí ọ̀tún. Àga lásánlàsàn. Mo ṣí i, mo tún bò ó, mo ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá, bí ọmọdé tó rí iná tọ́ọ̀ṣì.

Ó sì fẹ́ràn kó máa tò ó ní méjì méjì. Àga méjì, ìrọ̀rí méjì, ilẹ̀kùn méjì, èèyàn méjì nínú férémù. Yàrá ẹni kan ni o. Àmọ́ aṣọ ìbora pupa yẹn ò ní ìkejì níbẹ̀. Mo kọ èyí sílẹ̀, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, torí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ pé àwọ̀ náà á jẹ́ méjì méjì.

Pátákó kìíní, èyí tó bàjẹ́

Fún àwọn tí ò mọ̀: ẹ fi ojú inú wo kẹ̀kẹ́ àwọ̀. Pupa dojú kọ àwọ̀ ewé, búlúù dojú kọ àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò dojú kọ pọ́púlù. Àwọn méjì tó dojú kọra yìí, tẹ́ ẹ bá pò wọ́n pọ̀, wọ́n á pa ara wọn di ẹrẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé èkejì ga. Chevreul, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà tó ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń rẹ òwú láró ní Gobelins, ló ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ní 1839. Wọ́n ń ráhùn wá bá a pé òwú dúdú tí wọ́n ń rẹ ò dúdú tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí ẹ̀bi aró, àwọ̀ tí wọ́n hun sí ẹ̀gbẹ́ dúdú yẹn ló ń ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ wá padà sínú lẹ́tà. Ògiri pọ́púlù, bẹ́ẹ̀dì yẹ́lò: méjì. Aṣọ ìbora pupa, fèrèsé àwọ̀ ewé: méjì. Tábìlì àwọ̀ ọsàn, bàsíà búlúù: méjì. Ó tiẹ̀ sọ fún Gauguin, ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú lẹ́tà míì pé dígí tí férémù rẹ̀ dúdú yẹn, òun fi síbẹ̀ kí funfun àti dúdú lè di ìkẹrin. Ọkùnrin yìí ka gbogbo wọn ní méjì méjì bí ẹni ń so ìbejì mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá wá wo fọ́tò òní, ògiri ti di búlúù, yẹ́lò ò rí ìkejì rẹ̀ mọ́, búlúù ògiri sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàsíà kékeré yẹn.

Mo ní ó dáa, màá kun ún bí lẹ́tà ṣe wí. Mo po pọ́púlù. Mo mú pupa cadmium, mo mú búlúù ultramarine, mo fi funfun sí i. Ohun tó jáde dà bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀. Ẹrẹ̀ ni. Mo fi búlúù kún un, ó ṣú. Mo fi pupa kún un, ó di àwọ̀ ẹ̀dọ̀. Ó pẹ́ kó tó yé mi: pupa cadmium yẹn, yẹ́lò wà nínú rẹ̀, ẹ wò ó lójú oòrùn, ó tẹ̀ sí àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò sì ni ọ̀tá pọ́púlù, nítorí náà mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé apani sínú ìkòkò kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Mo ti kun ògiri bo gbogbo ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà, mo wá ń fi yẹ́lò kùn lé e lórí. Yẹ́lò kì í bo nǹkan. Bẹ́ẹ̀dì mi di àwọ̀ ewé, ó dà bí bẹ́ẹ̀dì tó hu èéhù. Mo fi yẹ́lò kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó nípọn bíi bọ́tà gidi, àmọ́ kò mọ́. Pàǹtírí.

Fèrèsé

Kí n tó mú pátákó kejì, mo fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ògiri yẹn gan-an. Àwọn tó ń tọ́jú àwòrán náà ní Amsterdam àti Chicago ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ̀rí wà pé pọ́púlù ni ògiri náà lóòótọ́ nígbà tí wọ́n kùn ún, pupa tó wà nínú péńtì náà ni ìmọ́lẹ̀ jẹ. Irú pupa tí wọ́n ń pè ní lake ni, wọ́n á mú omi aró pupa, wọ́n á so ó mọ́ ìyẹ̀fun tí ò ní àwọ̀ kó tó lè di péńtì. Ó dára lójú gan-an. Kò sì lè dúró níwájú oòrùn. Búlúù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀, òun dúró digbí.

Mo kà á, mo gbà á, àmọ́ kò tíì wọ̀ mí lára. Ni mo bá gé pépà tó nípọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́, mo po íǹkì pupa kan tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi mọ́ ultramarine. Èkejì, péńtì pupa tí wọ́n ń pè ní alizarin crimson mọ́ ultramarine. Ìkẹta, pupa míì tó tẹ̀ sí pọ́púlù, quinacridone magenta, mọ́ ultramarine. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde ní pọ́púlù, ti íǹkì yẹn gan-an ló rẹwà jù, kí n má purọ́. Mo fi fọ́ìlì bo ìdajì ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi sẹlotéèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń bà, mo gbàgbé wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo ṣí fọ́ìlì yẹn. Ẹ gbọ́, mo jókòó. Ìkẹta, kò sí ìyàtọ̀. Èkejì, bóyá, ojú mi ò dá a mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń kìlọ̀ fún èèyàn nípa alizarin. Ti íǹkì: ìlà kan wà láàárín pépà náà, ó gún régé bíi pé abẹ ni wọ́n fi fà á, apá tí fọ́ìlì bò ṣì jẹ́ pọ́púlù tó jinlẹ̀, apá kejì ti di búlúù. Búlúù ògiri Van Gogh gan-an. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ láàpútọ́ọ̀pù, wọn ò yàtọ̀ síra.

Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n láti kékeré, mi ò sì ronú rí pé elésè àlùkò tá à ń pe pọ́púlù, aró àti osùn ló pàdé nínú ẹ̀. Ògiri yẹn ní méjèèjì. Osùn ti lọ, aró ló kù.

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti bínú sí fọ́tò náà mọ́.

Pátákó kejì àti ìkẹta

Mo pinnu láti kun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan bí ó ṣe rí lónìí, ọ̀kan bí lẹ́tà ṣe wí, kí gbogbo ìlà wọn bára mu kó lè jẹ́ àwọ̀ nìkan ni ìyàtọ̀ wọn. Mo lo pépà tín-ín-rín láti da ìlà ọ̀kan sórí èkejì. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ́kọ́ kun funfun síbi tí gbogbo ohun yẹ́lò máa wà, mo jẹ́ kó gbẹ kí n tó fi yẹ́lò lé e. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó mọ́ gbòò.

Fún pọ́púlù: ultramarine bí ìwọ̀n méjì, magenta ìwọ̀n kan, funfun tó mẹ́fà, mo fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń po péńtì wọ̀n ọ́n. Péńtì akírílíkì tí mo lò máa ń ṣú sí i tó bá gbẹ, torí náà ẹ má gbà ohun tẹ́ ẹ rí nígbà tó tutù gbọ́. Mo ń kun díẹ̀ sórí pépà, mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ, mo wò ó, mo tún fi funfun sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Mo ní pépà náà lọ́wọ́ títí di báyìí, ó dà bí àkàsọ̀ tó ń lọ láti ojú òru sí ìdájí.

Ilẹ̀ ló yọ mí lẹ́nu jù nínú ti lẹ́tà. Táìlì pupa ló wí, àmọ́ tí mo bá kùn ún ní pupa gidi, á bá aṣọ ìbora jà, aṣọ ìbora ò ní jẹ́ ọba mọ́. Mo fi àwọ̀ ewé díẹ̀ pa pupa náà lára kó lè rọ̀, ó di bíi bíríkì tó ti pẹ́. Mi ò lè búra pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní 1888. Ìpinnu tèmi ni.

Mo wá gbé wọn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Èyí tó jẹ́ búlúù: ògiri búlúù, bẹ́ẹ̀dì yẹ́lò, aṣọ pupa. Ẹ kà á. Àwọn àwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nìyẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lágbára, kò sí èyí tó gbà fún èkejì, ojú á bọ́ sórí pupa, á sá lọ sí yẹ́lò, á lọ fara gbá ògiri, á tún padà. Ó dùn ún wò! Mi ò sọ pé kò dùn. Àmọ́ kò sinmi. Mo rò pé ìdí tí gbogbo ayé fi ń sọ pé ọkàn ẹni tó kun yàrá yìí ò balẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń ka wèrè sínú ògiri, bẹ́ẹ̀ oòrùn ló ṣe é.

Èyí tó jẹ́ pọ́púlù: ohun tí mo retí ni pé bẹ́ẹ̀dì máa fò jáde, torí ìkejì rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó yọ lóòótọ́, yẹ́lò náà gbóná sí i, mo ní láti lọ yẹ ike péńtì wò bóyá mo lo yẹ́lò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan náà ni. Àmọ́ ògiri ní tiẹ̀ fà sẹ́yìn, ó dákẹ́. Yẹ́lò ń sọ̀rọ̀, pọ́púlù ń gbọ́. Bàsíà búlúù yẹn, tí mi ò rí rí nínú fọ́tò, torí búlúù inú búlúù ni, ó wá yọ lórí tábìlì àwọ̀ ọsàn bí ẹyin ẹyẹ. Fèrèsé di àwọ̀ ewé gidi. Nǹkan kéékèèké tó wà lápá òsì, tí mo ní wọ́n ń bá bẹ́ẹ̀dì dọ́gba, wọ́n wúwo sí i torí pé ojú ti ń rí wọn, ìyẹn ni pé àwọ̀ tó sá lórí ògiri ti ba ìtò àwòrán náà jẹ́ díẹ̀ láì fọwọ́ kan ìlà kankan. Èyí ni mo wá gbé lọ́wọ́ nínú gbogbo iṣẹ́ náà, mi ò sì rí i kà níbì kan kí n tó rí i lórí pátákó.

Àbúrò mi obìnrin wọlé, ó wò wọ́n, ó nawọ́ sí ti pọ́púlù. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi bà á jẹ́ báyìí?" Mo ṣàlàyé lẹ́tà, mo ṣàlàyé íǹkì, mo mú pépà fèrèsé jáde hàn án. Ó ní, "Ó yé mi, ẹ ṣé. Ti búlúù ló ṣì dáa." Mi ò bá a jiyàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, búlúù là ń rí.

Férémù

Nǹkan kan ṣẹ́ kù. Nínú lẹ́tà sí Theo, ó ní nítorí pé kò sí funfun nínú àwòrán náà, funfun ni férémù rẹ̀ máa jẹ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo fò ó, mo ní ọ̀rọ̀ káfíńtà nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí agbe ti gba aró, tí àlùkò ti gba osùn, ó ku lékèélékèé tó lẹfun. Mo gé káàdì funfun ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, mo fi yí ti pọ́púlù ká.

Ohun tó ṣe nìyí: ìrọ̀rí méjèèjì tí mo ti rò pé funfun ni wọ́n, kíá ni wọ́n di àwọ̀ ewé lẹ́mọ́ọ̀nù, bí lẹ́tà ṣe wí. Láìsí funfun gidi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú á fi ohun tó bá sún mọ́ funfun jù ṣe funfun, á parí síbẹ̀. Ẹ gbé káàdì kúrò, ìrọ̀rí funfun. Ẹ gbé e padà, àwọ̀ ewé.

Ohun tó kù: mi ò tíì kun ojú Boch àti Milliet, àmì lásán ló ṣì wà nínú férémù wọn, búrọ́ọ̀ṣì mi ò mú tó. Ìlà dúdú tó yí ẹsẹ̀ àga ká nípọn jù nínú ti búlúù, màá fi yẹ́lò gé e. Pépà íǹkì ti padà sójú fèrèsé, láìsí fọ́ìlì lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ mọ ibi tó máa bá a dé.

Lánàá mo wá wọn ti búlúù fún férémù, mi ò bá a níbẹ̀. Ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi, ó ti gbé e kọ́. Káàdì funfun mi ló sì fi yí i ká.